Àmì Kan Lórí Agbọ̀n

Bàbá Mofẹ́ ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan wọlé kí Mofẹ́ tó lè di apá aṣọ rẹ̀ mú. Mofẹ́ tẹ̀ lé e wọlé. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, fídíò sì ń lọ.

Àwọn obìnrin jókòó síwájú dígí. Ìyá kan ti di rólà sí gbogbo orí. Onídìrí tó ni ṣọ́ọ̀bù mú kóòmù dání.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni bàbá wí. Ojú rẹ̀ le bí ojú adájọ́. "Ṣé ẹ̀wà ti jinná?"

Onídìrí wo kóòmù ọwọ́ rẹ̀, ó wo bàbá. "Ẹ̀wà kẹ̀, Bàbá? Irun la ń ṣe níbí."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síta. Ilé Ẹ̀wà."

"Ẹwà ni o, Bàbá! Ilé Ẹwà! Kí èèyàn wọlé, kó jáde ní arẹwà."

"Ó dáa. Àmì rẹ̀ dà?"

Obìnrin náà jáde, ó gbójú sókè wo pátákó ara rẹ̀. ILE EWA, lẹ́tà pupa gàdàgbà-gàdàgbà. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ti ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mo sọ fún un!" ni ìyá onírólà ké láti inú ilé. "Ẹnìkan wá béèrè dòdò níbí lọ́jọ́sí!"

Bàbá tẹríba fún wọn, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dé ojú títì Bódìjà, Mofẹ́ rí i pé èjìká bàbá ń mì. Ẹ̀rín ló ń rín. Kò kàn jẹ́ kó jáde lẹ́nu ni.

Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Bọ́láwárìn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nílé wọn ní Agbowó, "ó dáa" àti "ẹ ṣé" àti "ilẹ̀kùn" ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ilẹ̀kùn" yẹn túmọ̀ sí pé kí ẹni tó wọlé kẹ́yìn padà lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, àwòrán ilé ló ń yà ní Sẹkitéríàtì. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ ni kò tíì fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Sátidé nìkan ni ẹnu rẹ̀ máa ń là. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ìyá Mofẹ́, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, á ti ibi iṣẹ́ òru dé, á sùn. Bàbá á mú báàgì ọjà. Òun àti Mofẹ́, àbíkẹ́yìn rẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn láti Agbowó lọ sí ọjà Bódìjà. Bí wọ́n bá ti kọjá géètì báyìí, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀.

Ó lè dúró níwájú àga rọ́bà funfun tí ẹnìkan gbé síta.

"Mofẹ́, kí ni ihò àárín ìjókòó yìí wà fún?"

"Kí atẹ́gùn lè máa wọlé ni, Dádì."

"Rárá."

"Kí omi òjò lè ṣàn kúrò?"

"O ti ń bọ̀. Bí a bá wá to àga púpọ̀ léra ńkọ́?"

Mofẹ́ á máa rò ó títí wọ́n á fi dé ọjà. Ibẹ̀ ni bàbá á ti sọ fún un. "Bí kò bá sí ihò, afẹ́fẹ́ á há sáàárín wọn. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ra. O ò ní lè fa ọ̀kan yọ. Ta ló rò ó? Ẹnìkan jókòó níbì kan, ó rò ó."

Ta ló rò ó? Ọ̀rọ̀ bàbá nìyẹn. Ó sọ ọ́ nígbà tó rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí jíǹsì rẹ̀ ya ní orúnkún. "Wo yíya yẹn dáadáa. Ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Ẹni tó ya á fi rúlà wọ̀n ọ́n." Ó sọ ọ́ nípa orin tó ń dún níwájú àwọn tó ń tún fóònù ṣe. "N kò gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń wí. Àfi bí ẹni tó ń kọrin láti inú páìpù omi. Ṣùgbọ́n tẹ́tí sí ìlù abẹ́ rẹ̀. Ìlù yẹn mọ ibi tó ń lọ." Bí nǹkan mìíràn bá gbé wọn dé Dùgbẹ̀, tí gbogbo ayé ń wá ọkọ̀, òun á dúró láàárín èrò, á gbójú sókè máa wo Ilé Kòkó bí ẹni tó ń ka ìwé. Ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà yunifásítì, ó fi ipa ẹsẹ̀ tó gba àárín koríko kọjá han Mofẹ́. "Ẹni tó ya àwòrán títì ní kí wọ́n gba ibí. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gba ọ̀hún. Ẹsẹ̀ èèyàn mọ àwòrán yà jù mí lọ."

Mofẹ́ lè fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí òwúrọ̀ Sátidé. Ó mọ̀ pé bí àwọn bá ti padà dé géètì, ẹnu bàbá á tún padé, ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fún un ní fóònù, ohun tó kọ́kọ́ béèrè nìyí:

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n máa ya fídíò ọ̀rọ̀ yín, kí n máa gbé e sórí ìkànnì mi."

"Ta ló máa gbọ́ ọ?"

"Àwọn èèyàn."

Bàbá rò ó. "Ó dáa. Má yí ọ̀rọ̀ mi padà."

Àwọn tó ń wò ó kò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlọrin ń wò ó. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ díẹ̀ ń wò ó. Ọkùnrin kan tó ń ta àga ní Challenge náà ń wò ó, ó sì máa ń kọ "òótọ́ ni" sábẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ní Sátidé tí wọ́n lọ béèrè ẹ̀wà yẹn, bí wọ́n ṣe ń darí bọ̀, wọ́n pàdé Màmá Kòfo ní ìkóríta Agbowó, níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì. Búrẹ́dì ni Màmá Kòfo ń tà. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, òun ló kọ́ Mofẹ́ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì nígbà tó wà ní kékeré. Ojú rẹ̀ gùn, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì yọ síwájú, ó ká díẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Agbọ̀n búrẹ́dì rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bàbá ti rí agbọ̀n náà láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ yẹn, ó dúró bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó na ìka sí i.

"Agbọ̀n Màmá Kòfo gùn," ni ó wí. "Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ má pè é ní àṣìṣe o. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe."

Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún Mofẹ́. Ó gùn kí búrẹ́dì lè nà gbọọrọ, kí ọ̀kan má tẹ èkejì pa. Ó tẹ̀ síwájú kí ọwọ́ Màmá lè dé inú rẹ̀ láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Inú Màmá Kòfo dùn. "Bàbá mi ló hun ún," ni ó wí. "Ní Iléṣà, kí wọ́n tó kú. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wò ó báyìí, Bàbá Mofẹ́." Ó fa búrẹ́dì kan jáde, ó fún Mofẹ́, kò sì gba owó.

Ariwo ọ̀kadà pọ̀ ní ìkóríta yẹn. Nígbà tí Mofẹ́ wo fídíò náà nílé, ohùn bàbá kò yé èèyàn. Ojú Màmá Kòfo ló gba gbogbo àárín fóònù. Etí agbọ̀n nìkan ló hàn lókè.

Ní ọjọ́ Ajé, Fadékẹ́mi wá jókòó tì í ní àkókò ìsinmi. Gbogbo ilé ìwé ló mọ Fadékẹ́mi. Bí ó bá gbé ijó tàbí ẹ̀fẹ̀ sórí ìkànnì rẹ̀ ní àárọ̀, ilé ìwé mìíràn ní Ring Road á ti máa sọ ọ́ ní ọ̀sán. Láti ìgbà tí Mofẹ́ ti wà ní kíláàsì yẹn, Fadékẹ́mi kò pe orúkọ rẹ̀ rí.

"Mofẹ́, jẹ́ kí n rí tuntun. Bàbá yín yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jàre."

Mofẹ́ fi hàn án. "Ohùn Dádì kò jáde nínú èyí."

"Ìyẹn ò le. Fi orin sí i. Kọ ọ̀rọ̀ wọn sí ìsàlẹ̀ kí èèyàn máa kà á."

Mofẹ́ kọ ọ́. Bàbá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì fi gbogbo rẹ̀ sí i pátá: *Agbọ̀n Màmá Kòfo gùn. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ má pè é ní àṣìṣe o. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe.*

Fadékẹ́mi ń kà á lọ. Lójijì, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Mofẹ́! Yọ àwọn àmì yẹn kúrò."

"Kí ló dé?"

"Sáà yọ ọ́. Wo ojú màmá yẹn, kó o wá tún un kà."

Mofẹ́ yọ àmì. *Agbon Mama Kofo gun. O te siwaju die.* Ó wo ojú tó wà láàárín fóònù. Ó tún un kà. Nígbà náà ló rí i. Kò sí agbọ̀n búrẹ́dì níbẹ̀ mọ́. Àgbọ̀n ojú ló kù.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti jáde kó tó mọ̀.

"Màmá Kòfo ni o, Fadékẹ́mi. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ."

"Ṣé o pa irọ́ ni? Ọ̀rọ̀ agbọ̀n tí bàbá yín sọ lo kọ. Bí àwọn èèyàn bá kà á sí nǹkan mìíràn, ojú wọn ni kí wọ́n bá wí."

"Jẹ́ kí n fi àmì padà sí i."

"Bí o bá fi àmì sí i, ta ló máa rẹ́rìn-ín? Wò ó, mo fẹ́ gbé e sórí ìkànnì tèmi. Orúkọ rẹ á wà níbẹ̀. Àbí àga rọ́bà ni kí èèyàn márùn-ún máa wò títí tí a ó fi ṣe ìdánwò àṣejáde?"

Àwọn méjì mìíràn ti súnmọ́ tòsí, wọ́n ń na ọrùn. Láyí, ọmọkùnrin tó ń jókòó lẹ́yìn, kà á, ó lu tábìlì, ó ń sọkún ẹ̀rín. "Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe! Mofẹ́, o burú o!" Kò sẹ́ni tó sọ fún Mofẹ́ rí pé ó burú báyẹn. Ó dùn mọ́ ọn.

Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìsí àmì. Ó gbé e jáde, Fadékẹ́mi sì gbé e sórí ìkànnì tirẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti gba Agbowó kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń sọ ọ́ lórí ìlà oúnjẹ. Bí irun ẹnìkan bá wọ́, wọ́n á ní ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Ọlọ́kadà kan kọ ọ́ sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀. Ní ilé ìwé, àwọn tí kò mọ Mofẹ́ ń pè é láti òkèèrè, ó sì ń juwọ́ sí wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bó ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, ó rí Màmá Kòfo ní ìkóríta. Agbọ̀n wà lórí rẹ̀. Ìbòmú aláwọ̀ ojú ọ̀run, irú tí wọ́n ń lò ní ọsibítù, bo ojú rẹ̀ láti imú dé ọrùn. Kò polówó. Ó kàn ń rìn.

"Màmá!" ni ọmọkùnrin kan ké láti iwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì. "Ẹ ṣí i ká rí i! Ṣé ó ṣì tẹ̀ síwájú?"

Àwọn tó kù pariwo ẹ̀rín. Màmá Kòfo kò yíjú. Mofẹ́ yà sínú kọ̀rọ̀ kan láàárín ilé méjì, ó sì dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ Màmá fi dákẹ́.

Ibẹ̀ ló ti pa fídíò náà rẹ́. Kò mú nǹkan kan kúrò. Fadékẹ́mi ní i. Láyí ní i. Àwọn tí Mofẹ́ kò rí rí ní i.

Ní Sátidé, bàbá ń wá báàgì ọjà nígbà tí ẹnìkan kan géètì. Màmá Kòfo ni. Kò gbé agbọ̀n. Ìbòmú wà lójú rẹ̀. Mofẹ́ rí i láti ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti gbé e jáde.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Mofẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Kòfo. Ẹ wọlé."

"N kò ní wọlé, ẹ ṣé. Mo ní kí n wá bi yín léèrè ni. Kí ni mo ṣe yín?"

Bàbá wò ó. "Kí lẹ ṣe mí?"

"Kòfowórọlá ọmọ mi ló fi hàn mí. Ní yunifásítì ló ti rí i." Ó yọ fóònù, ó na án sí i.

Bàbá wọ awò ojú rẹ̀. Ó wo fídíò náà dé òpin. Ó tún un wò. Mofẹ́ ń gbọ́ orin tó fi sí i, orin ijó, ó ń dún wọnwọn lẹ́nu géètì wọn.

"Agbọ̀n búrẹ́dì ni mo wí," ni bàbá wí.

"Mo wà níbẹ̀, mo mọ̀. Inú mi dùn títí mo fi délé lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń kà á ni kò mọ̀."

Bàbá dá fóònù padà. Ó ṣí fìlà. Mofẹ́ kò rí i kí bàbá ṣí fìlà rí, àfi bí wọ́n bá ń gbàdúrà.

"Ẹ má bínú," ni bàbá wí. "Ẹnu mi ló ti jáde."

Kò dárúkọ Mofẹ́. Màmá Kòfo ní ó dáa, ó lọ. Bàbá dé fìlà rẹ̀. Ó yíjú sí ilé. "Mofẹ́. Báàgì."

Wọ́n jáde. Wọ́n kọjá àga rọ́bà funfun. Bàbá kò wò ó. Wọ́n kọjá ibi tí orin ti ń dún. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, obìnrin náà sáré jáde tọwọ́tẹsẹ̀.

"Bàbá! Bàbá ẹlẹ́wà! Ẹ wo òkè! A ti fi àmì sí i o!"

ILÉ ẸWÀ. Ọ̀dà àmì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ. Bàbá wò ó, ó mi orí fún un, ó ń lọ. Ẹ̀rín kú lójú obìnrin náà. Ó wo Mofẹ́ bí ẹni tó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mofẹ́ wolẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ra ata, wọ́n ra iṣu, wọ́n padà sílé. Sátidé kejì, bákan náà. Bàbá kò bínú. Ó ń gba báàgì tó bá wúwo lọ́wọ́ Mofẹ́. Ó ń wo títì kó tó mú un sọdá. Kò kàn rí nǹkan sọ nípa ohunkóhun mọ́. Ihò àga, yíya ṣòkòtò, ìlù abẹ́ orin, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń kọjá lára wọn.

Ní ọ̀nà àbọ̀ Sátidé kejì yẹn, Mofẹ́ kò lè gbé e mọ́.

"Dádì, èmi ni mo gbé e jáde."

"Mo mọ̀."

"N kò yí ọ̀rọ̀ yín padà, sà. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò..." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ohùn Fadékẹ́mi ló jọ. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Mo yọ àmì. Mo mọ ohun tí wọ́n máa kà kí n tó yọ ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi ni."

Bàbá gbé báàgì sí ọwọ́ kejì. "Èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Mofẹ́ lọ sílé Màmá Kòfo. Màmá ń fọ agbọ̀n rẹ̀ lójúlé. Kò sí ìbòmú lójú rẹ̀, nítorí inú ọgbà rẹ̀ ló wà. Mofẹ́ kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ tútù. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi ti Fadékẹ́mi ṣáájú. Ó fi ohun tí ìka tirẹ̀ ṣe ṣáájú, bó ṣe rí i, tó rẹ́rìn-ín, tó sì gbé e jáde.

Màmá Kòfo da omi tó fi fọ agbọ̀n nù.

"Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé," ni ó wí, "Oṣùlé ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá wọ kíláàsì, wọ́n á ní oṣù ti lé o. Nítorí àgbọ̀n mi ká bí oṣù tuntun. Mo máa ń fọwọ́ bò ó bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe wá dẹ́kun, n kò mọ̀. Mo kàn gbàgbé. Ọjọ́ tí mo rí fídíò yẹn, ọwọ́ mi tún lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀."

Mofẹ́ ń sunkún. "Ẹ má bínú, mà."

"Ǹjẹ́ o mọ ẹni tó fún mi?"

"Kí ni, mà?"

Màmá Kòfo gbé agbọ̀n náà sókè sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Èyí gùn, èyí gùn. Èyí tẹ̀ síwájú, èyí tẹ̀ síwájú. "Bàbá mi ni. Bí ojú tirẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí. Òun ló fún mi ní méjèèjì, agbọ̀n àti àgbọ̀n." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ sunkún, ojú rẹ̀ kò mọ èyí tí yóò ṣe. "Dìde. Ilẹ̀ yẹn tutù. Ní Ajé, bí o bá ti ilé ìwé dé, wàá bá mi rù ú. Má mú fóònù wá."

Ní ọjọ́ Ajé, Mofẹ́ ru agbọ̀n búrẹ́dì la Agbowó kọjá, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Màmá Kòfo ń tẹ̀ lé e, ìbòmú lójú. Agbọ̀n náà wúwo ju bó ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ó jókòó lórí rẹ̀ bí ohun tí wọ́n wọn orí rẹ̀ fún. Bó ti na ọwọ́ sókè, ọwọ́ rẹ̀ dé inú rẹ̀. Ó rántí bàbá.

"Búrẹ́dì gbígbóná rèé o!"

"Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe!" ni wọ́n dáhùn níwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì.

Mofẹ́ dúró. "Èmi ni mo kọ ọ́," ni ó wí. "Agbọ̀n búrẹ́dì yìí ni bàbá mi ń yìn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì rẹ̀ kí ẹ lè fi màmá yìí rẹ́rìn-ín. N kò ṣe dáadáa. Òun náà rèé lórí mi, ẹ wò ó."

Ọmọkùnrin kan ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá a rín in. Ẹnìkejì, tí wọ́n ń pè ní Mánsúrù, fọwọ́ ra orí. "Ẹ má bínú, Màmá," ni ó wí. "Ẹ fún mi ní búrẹ́dì kan."

Màmá Kòfo ló dá a lóhùn. Kí ọmọ náà lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, ó fa ìbòmú wálẹ̀.

Ní ilé ìwé, Fadékẹ́mi kò tún pe orúkọ Mofẹ́ mọ́. Ó dun Mofẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà kò dùn ún mọ́.

Ní Sátidé, kí bàbá tó mú báàgì, Màmá Kòfo tún kan géètì. Ó gbé agbọ̀n dání lọ́tẹ̀ yìí.

"Bàbá Mofẹ́, ẹ bá mi kọ nǹkan sí i lára. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó ka èyí tó tọ́."

Bàbá wo agbọ̀n náà yí po. Ó wọlé, ó gbé pátákó pẹlẹbẹ kan jáde, ó gé e, ó fi sáńdípépà ha á kó dán. Ó ṣí ọ̀dà dúdú. Ó kọ lẹ́tà náà bí ó ṣe ń kọ ọ́ sára àwòrán ilé látijọ́, ó dúró ṣánṣán, kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ: AGBON MAMA KOFO. Nígbà tó parí, ó mú búrọ́ọ̀ṣì náà, ó nà án sí Mofẹ́.

Mofẹ́ gbà á. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ó fi àmì sórí Màmá. Ó fi sórí Kòfo. Ó fi ẹ̀kán ọ̀dà kan sí abẹ́ lẹ́tà O àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ku ibi kan ṣoṣo. Àmì kan péré ni agbọ̀n ní, orí ọ ló wà. Bí èèyàn bá fi ọ̀kan kún un sórí A, ó di ojú Màmá Kòfo. Bí èèyàn bá fi í sílẹ̀, ó di ohun tí ẹlẹ́yà bá fẹ́.

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sórí lẹ́tà O náà. Ó fà á. Ìlà náà gùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Màmá Kòfo tẹ̀ síwájú wò ó. Bàbá náà tẹ̀ síwájú. Mofẹ́ ń dúró kí bàbá ní kí ó nù ún kúrò.

"Ta ló rò ó?" ni bàbá wí.

Mofẹ́ kọ́kọ́ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Kí ni, sà?"

"Ìlà kékeré báyìí." Bàbá na ìka sí i, kò jẹ́ kó kan ọ̀dà tútù. "Kò tó ẹyọ ìrẹsì. Ó sì lè gbé èèyàn ṣubú. Ẹnìkan jókòó níbì kan, ó rò ó."

Mofẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bàbá mú báàgì ọjà. "Jẹ́ ká máa lọ. Oòrùn ń mú. Ohun kan wà lára kẹ̀kẹ́ Màrúwá tuntun yẹn tí mo fẹ́ bi ọ́ léèrè."

Ohun tí Mofẹ́ kọ́ kò ṣòro láti sọ. Ẹni tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rán, kó jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe fi rán an, tòun tàmì rẹ̀. Bí a bá sì mọ̀ pé ẹ̀rín tí a fẹ́ fi wu ẹgbẹ́ yóò pa ẹnìkan lẹ́kún, kí á fi ẹ̀rín náà sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ máa lọ.

Fídíò náà ṣì wà lórí fóònù àwọn kan ní Agbowó. Pátákó náà wà lára agbọ̀n. Àmì orí rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀.